Àga Kékeré ní San Lorenzo

Orúkọ tí Yorùbá fún ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kò fi ohunkóhun bò. Jẹ́léósinmi: jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ìyá fẹ́ tètè dé ọjà, bàbá ti ń wá bọ́ọ̀sì, ìyá àgbà kò sì lágbára eré mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta wà láàárín wọn, ó ń da omi nù, ó ń gun àga, ó ń ṣí ìkòkò wò, ó ń fi èédú kọ ara ògiri. Ẹ bá wa mú un jáde fún wákàtí mélòó kan, kí ilé lè rójú. Àwọn Jámánì pe irú ilé-ìwé yìí ní ọgbà àwọn ọmọdé, ní Ítálì, wọ́n pe irú rẹ̀ kan ní ilé àwọn ọmọdé. Orúkọ méjèèjì dùn létí, ṣùgbọ́n tiwa ló sún mọ́ òtítọ́ jù.

Ìdí ni pé ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé ọmọ wẹ́wẹ́ tí òkìkí wọn kàn jù láyé, èyí tí Dókítà Maria Montessori ṣí nílùú Róòmù ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1907, nítorí kí ilé lè sinmi ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ilé gan-an ni o: ògiri, àtẹ̀gùn àti ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Àwọn tó ni ilé ló wá a lọ.

San Lorenzo ni orúkọ àdúgbò náà, kò jìnnà sí ojú irin. Lẹ́yìn ọdún 1870 tí Róòmù di ti Ítálì tuntun, tó sì di olú-ìlú rẹ̀, àwọn oníṣòwò ilé rọ́ wọ ìlú náà. Wọ́n ń yá owó báńkì, wọ́n ń kọ́ ilé alájà gíga lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó máa fi di ìparí àwọn ọdún 1880, owó ti tán nílẹ̀. Àwọn kọ́lékọ́lé fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, ògiri dúró láìní fèrèsé, kò sí omi, kò sí iná. Àwọn tí kò ríbi forí pamọ́ sí ló kó sínú àwókù tuntun wọ̀nyí, tí ìdílé bíi mélòó kan ń há ara wọn mọ́ yàrá kan ṣoṣo. Àwọn ọlọ́jà, lébìrà, àwọn tí kò níṣẹ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rówó díẹ̀ kì í gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Istituto Romano dei Beni Stabili, tí Edoardo Talamo jẹ́ olùdarí rẹ̀, wá ra ilé tó lé ní 50 ní àdúgbò náà. Wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ wọlé, wọ́n kun ọ̀dà, wọ́n sì fi àwọn òṣìṣẹ́ tó ní ìdílé síbẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. Láàárọ̀ kùtù, ìyá àti bàbá á ti gba ibi iṣẹ́ lọ. Ọmọ tó ti tó ilé-ìwé lọ á lọ. Àwọn tí kò tíì tó á wá ku àwọn nìkan, wọn á máa sá gòkè sá sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọn á máa ha ògiri, wọn á máa fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ nu ara ọ̀dà. Talamo ṣírò ọ̀rọ̀ náà bí oníṣòwò: owó tí wọ́n ń ná láti tún ohun tí àwọn ọmọ bàjẹ́ ṣe tó láti fi bọ́ olùkọ́ kan. Ó yọ yàrá kan sílẹ̀ ní nọ́ńbà 58, òpópónà Via dei Marsi, ó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ náà jọ síbẹ̀, ó sì bẹ Montessori pé kó bójú tó wọn. Nǹkan bí àádọ́ta ọmọ ni wọ́n kó wá. Omijé wà lójú ọ̀pọ̀ wọn.

Wọ́n fi òfin ilé náà kọ́ ara ògiri. Òbí kò ní san kọ́bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje ni wọ́n ń gbà. Ìyá gbọ́dọ̀ wẹ ọmọ rẹ̀ mọ́, kó wọ épúrọ́ọ̀nù fún un, kó sì máa wá bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Olùkọ́ náà ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú wọn. Obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ yìí kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni rí, ohun tí Montessori sì rí gẹ́gẹ́ bí àǹfààní nìyẹn, nítorí pé kò sí àṣà àtijọ́ kan tí yóò kọ́kọ́ gbàgbé.

Kí ló wá kan dókítà nínú ọmọ wẹ́wẹ́ títọ́?

Chiaravalle, lẹ́bàá Ancona, ni wọ́n bí Montessori sí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1870. Ó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Róòmù, ní ọdún 1896. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ló gbé e dé ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n kó àwọn ọmọ tí làákàyè wọn kò pé mọ́ àárín àwọn àgbàlagbà tí orí wọn dàrú. Yàrá àwọn ọmọ náà ṣófo. Obìnrin tó ń ṣọ́ wọn sọ fún un, pẹ̀lú ìríra, pé tí wọ́n bá jẹun tán, ńṣe ni wọ́n máa ń ràkò kiri ilẹ̀, tí wọ́n ń ṣa èérún búrẹ́dì. Montessori wo yàrá náà yípo. Kò sí nǹkan ìṣeré, kò sí igi, kò sí òkúta, kò sí ohun kan tí ọwọ́ lè dì mú. Ó wá yé e pé kì í ṣe ebi ló ń pa àwọn ọmọ yìí. Èérún yẹn nìkan ni ohun tí wọ́n rí fi ọwọ́ wọn ṣe.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ìwé kiri. Ó rí iṣẹ́ Jean Itard, dókítà ọmọ Faransé tó gbìyànjú láti kọ́ ọmọkùnrin kan tí wọ́n rí nínú igbó Aveyron lẹ́kọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800. Ó rí iṣẹ́ Édouard Séguin, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Itard, tó sì kó lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Séguin ti ṣe àwọn ohun èlò tí ọmọ aláìpé làákàyè lè fọwọ́ tò, fọwọ́ so, fọwọ́ dè. Montessori túmọ̀ ìwé àwọn méjèèjì sí èdè Ítálì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà wọ́n kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè wọ̀ ọ́ lára. Ní ọdún 1900 ó di ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ilé-ìwé kan ní Róòmù tó wà fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì lo ohun èlò Séguin níbẹ̀. Nígbà tí díẹ̀ nínú wọn ṣe ìdánwò tí àwọn ọmọ tó pé ń ṣe, wọ́n yege. Gbogbo ìlú ń yìn ín. Òun ní tirẹ̀ ń ronú nípa nǹkan mìíràn: kí ni àwọn ilé-ìwé ń ṣe fún ọmọ tí làákàyè rẹ̀ pé, tí ọmọ aláìpé fi lè bá a dọ́gba?

Ẹ̀tọ́ ni kí á sọ pé òun kọ́ ló kọ́kọ́ fi nǹkan ìṣeré kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́. Ní ọdún 1837, Friedrich Fröbel ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Blankenburg, nílẹ̀ Jámánì. Bọ́ọ̀lù olówùú aláwọ̀ mẹ́fà ni ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tó ń fún ọmọdé; lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù onígi, igi onígun mẹ́rin, àti igi róbótó gígùn; lẹ́yìn náà igi onígun mẹ́rin tó ṣeé tú sí mẹ́jọ. Ní ọdún 1840 ló fún un lórúkọ ọgbà, ọgbà gidi sì wà níbẹ̀: ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ebè kékeré tirẹ̀ tó ń gbin nǹkan sí. Ìjọba Prussia fòfin de irú ilé-ìwé yìí ní ọdún 1851 nítorí wọ́n kà á sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti kẹ̀yìn sí Ọlọ́run. Fröbel kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí di ọdún 1860. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ba iṣẹ́ rere yìí jẹ́: olùkọ́ á dúró níwájú, á ní kí gbogbo ọmọ gbé igi kan náà sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ọmọ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ ló ni ọwọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí yàrá Via dei Marsi. Nínú ìwé ìnáwó ilé-iṣẹ́ Talamo, owó ọ́fíìsì ni wọ́n fi yàrá náà sí, wọn kò kà á sí ilé-ìwé. Nítorí náà kò sí owó láti ra bẹ́ǹṣì. Àìrówó yìí ló di ìbùkún. Ní àsìkò náà, bẹ́ǹṣì ilé-ìwé jẹ́ àjòpọ̀ tábìlì àti ìjókòó tí ọmọ kò lè sún, tó ká a mọ́ ojú kan láti àárọ̀ di ọ̀sán. Montessori ní kí wọ́n bá òun kan tábìlì kéékèèké tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́rin méjì lè gbé e láti ìhín sí ọ̀hún. Ó ní kí wọ́n ṣe àga tó bá ẹsẹ̀ ọmọdé mu, kí ẹsẹ̀ má baà máa rọ̀ dirodiro. Ó ní kí wọ́n gbé ìdúró bésìn sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè wẹ ọwọ́ ara rẹ̀, kí ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì èékánná àti aṣọ ìnuwọ́ sì wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Àwọn kan ní àga fúyẹ́ kò dára, pé ọmọ á máa ti í ṣubú, á máa pariwo. Ó dá wọn lóhùn pé ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn: tí àga bá ṣubú, ọmọ gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé òun kò rọra. Bákan náà ni abọ́ tí wọ́n fi ń jẹun, tanganran gidi ni, ó lè fọ́.

Lẹ́yìn tí ó ti fi ohun èlò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí wò. Ìwò yìí ni iṣẹ́ ńlá tó ṣe. Ó rí ọmọbìnrin kan, bí ọmọ ọdún mẹ́ta, tó ń fi àwọn igi róbótó sínú ihò tó bá kọ̀ọ̀kan mu nínú pákó. Ó tò wọ́n tán, ó tú wọn, ó tún tò wọ́n. Montessori ń kà. Ó ní kí àwọn ọmọ yòókù máa kọrin, kí wọ́n máa rìn yípo. Ọmọ náà kò gbójú sókè. Montessori gbé e tòun ti àga rẹ̀ sórí tábìlì. Ọmọ náà gba igi rẹ̀ mọ́ra, ó gbé e lé orúnkún, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó ṣe é lé ní ìgbà ogójì kó tó dúró fúnra rẹ̀, tó sì wò yíká bí ẹni tó jí láti inú oorun tó dùn.

Ní ọjọ́ mìíràn, olùkọ́ gbàgbé láti ti kọ́bọ́ọ̀dù tí ohun èlò wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé, àwọn ọmọ ti ṣí i, kálukú ti mú èyí tó wù ú, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ rí olè. Montessori rí ọmọ tó ti mọ ohun tó fẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pa kọ́bọ́ọ̀dù gíga tì, tí wọ́n sì fi pẹpẹ ìsàlẹ̀ rọ́pò rẹ̀, tí ohun kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, tí ọmọ lè mú, tó sì gbọ́dọ̀ dá padà.

Ìtàn kan wà tó ṣeé ṣe kó pa àgbàlagbà lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín rárá. Lọ́jọ́ kan Montessori kọ́ wọn bí a ṣe ń fun imú: bí a ṣe ń mú áńkáṣíìfù jáde, bí a ṣe ń fun imú ní jẹ́ẹ́jẹ́, láìpariwo, tí a sì ń rọra fi í pamọ́. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó wo eré tó dára. Ọjọ́ gbogbo ni àwọn àgbà ń bú wọn pé imú wọn dọ̀tí. Kò sí ẹni tó fi bí wọ́n á ṣe ṣe é hàn wọ́n rí.

Ó yẹ kí gbẹ́nàgbẹ́nà wo àwọn ohun èlò rẹ̀ dáadáa, nítorí ọgbọ́n tó wà nínú wọn, ọgbọ́n igi ni. Ilé-ìṣọ́ aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ní igi onígun mẹ́rin mẹ́wàá. Èyí tó kéré jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìbú àti òró, èyí tó tóbi jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, dídán wọn kò yàtọ̀, kìkì títóbi ló yàtọ̀, kí ojú ọmọ má baà ṣìnà. Ọ̀pá gígùn mẹ́wàá náà wà, láti sẹ̀ǹtímítà 10 títí dé mítà 1. Pákó oníhò tí ọmọbìnrin yẹn ń tò ní igi róbótó mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orí kóńkó tí ọmọ ń fi ìka mẹ́ta dì mú, ìka kan náà tí yóò fi di bíírò mú lọ́jọ́ iwájú. Tó bá fi ọ̀kan sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, ní ìparí ọ̀kan á ṣẹ́kù tí kò ní ríbi wọ̀. Igi ló sọ fún un pé ó ṣì í. Olùkọ́ kò ní láti jágbe mọ́ ọn.

Lẹ́tà náà di ohun tí à ń fọwọ́ kàn. Wọ́n gé a, b, d láti ara sánpépà, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí dídán, ọmọ á máa fi ìka tọ̀ ọ́ bí ẹni ń kọ ọ́, á sì máa pe ìró rẹ̀. Montessori kò tíì ní kí ẹnikẹ́ni kọ̀wé. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ràn díẹ̀, ó kó wọn lọ sórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé náà. Ó fún ọmọkùnrin bí ọmọ ọdún márùn-ún kan ní ẹfun, ó ní kó ya ọ̀nà èéfín tó wà níwájú wọn. Ọmọ náà yà á sórí ilẹ̀. Montessori yìn ín. Ọmọ náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó dá dúró díẹ̀, ó wá kígbe pé òun lè kọ̀wé, òun lè kọ̀wé! Ó tún kúnlẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sórí ilẹ̀. Mano ni ó kọ. Ọwọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Ítálì. Ó wá kọ ọ̀nà èéfín, ó kọ òrùlé, àwọn yòókù sáré dé, wọ́n ń tọrọ ẹfun. Àwọn ìyá tí kò mọ ìwé kọ ni ọmọ wọn ń kọ nǹkan sílẹ̀ nílé báyìí.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣí èkejì ní San Lorenzo kan náà. Ní ọdún 1908 irú ilé-ìwé náà dé Mìláánù. Ní ọdún 1909 ìwé Montessori jáde, ní ọdún 1912 wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1913 ó sọ̀rọ̀ ní Carnegie Hall ní New York. Wọ́n ta kò ó náà. William Kilpatrick, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Teachers College, Columbia, kọ ìwé ní ọdún 1914 pé ohun èlò rẹ̀ há jù, kò fi àyè sílẹ̀ fún èrò inú ọmọ. Àríwísí yẹn kì í ṣe ti ọ̀tá lásán. Ọmọ tó bá fi ọ̀pá Montessori ṣe ẹṣin lè rí ìbáwí lọ́dọ̀ olùkọ́ tó le. Lẹ́yìn náà Mussolini, tó ń ṣàkóso Ítálì nígbà náà, kọ́kọ́ ṣe onígbọ̀wọ́ àwọn ilé-ìwé náà, ó sì tún tì wọ́n nígbà tí kò rí ohun tó fẹ́. Montessori lo àwọn ọdún Ogun Àgbáyé Kejì ní Íńdíà, ó sì kú ní Noordwijk, nílẹ̀ Netherlands, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1952.

Ítálì kan náà ló tún fún ayé ní ìdáhùn sí Kilpatrick. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1945, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun parí níbẹ̀, àwọn ará abúlé Villa Cella, lẹ́bàá ìlú Reggio Emilia, ta ọkọ̀ ogun kan, ọkọ̀ akẹ́rù mélòó kan àti ẹṣin tí àwọn ọmọ ogun Jámánì sá fi sílẹ̀. Wọ́n fi owó náà kọ́ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wọn. Bíríkì ilé tí bọ́ǹbù wó ni àwọn obìnrin ń fọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Loris Malaguzzi gbọ́, kò gbà á gbọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó fúnra rẹ̀, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Nínú ilé-ìwé Reggio, yàrá iṣẹ́ ọnà wà tó kún fún amọ̀, wáyà, ewé gbígbẹ àti ìmọ́lẹ̀, tí ọmọ lè sọ di ohunkóhun tó bá wù ú. Wọ́n ka yàrá fúnra rẹ̀ kún olùkọ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọdé kò wá nǹkan tí yóò fọwọ́ kàn tì kí ilé-ìwé tó dé. Bàbá àgbẹ̀ á wá ọkọ́ kékeré fún un, ìyá á fún un ní ahá tó bá agbára rẹ̀ mu kó fi bá a lọ sódò. Ọmọ amọ̀kòkò ń mọ ìkòkò wẹ́wẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Àwọn ọmọ ń gbẹ́ ihò sílẹ̀, wọ́n ń fi òkúta ta ayò, wọ́n ń ka iye láìmọ̀ pé ìṣirò ni. Nígbà tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1977 ló wá sọ ọ́ kedere pé eré ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi, ní èdè abínibí rẹ̀.

Inú ìwé ni ọ̀rọ̀ yẹn pin sí. Nínú ọ̀pọ̀ jẹ́léósinmi wa, bẹ́ǹṣì gígùn ló wà, olùkọ́ ń pe A fún àpù, àwọn ọmọ ń gbè é lẹ́yìn, nǹkan ìṣeré sì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, nínú ọ̀rá rẹ̀, kó má baà bàjẹ́ kí àlejò tó dé. Orúkọ Montessori wá di ohun tí wọ́n ń kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà láti fi gba owó gọbọi lọ́wọ́ òbí. Ìyẹn dunni, nítorí ọmọ lébìrà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, lọ́fẹ̀ẹ́, nínú yàrá tí kò ní owó bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá jẹ́léósinmi sílẹ̀, kí ẹ tó ra tẹlifíṣọ̀n tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ ògiri, ẹ kúnlẹ̀ láàárín yàrá náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ibi tí ọwọ́ yín tó. Ẹ wo bóyá ẹ lè dé ibi omi, bóyá ẹ lè gbé àga, bóyá ẹ lè mú ohun èlò kan láìtọrọ. Lẹ́yìn náà ẹ pe káfíńtà àdúgbò. Kó wọn ọmọ, kó tó wọn pákó.